Kò sí c nínú fọ́múlà: ìṣẹ̀lẹ̀ gíráàfù kan ní láàbù físíìsì

Àmì mẹ́fà ló wà lórí pépà gíráàfù ọmọ náà, wọ́n sì tò lọ gbọnrangandan. Ìlà tó wá fi rúlà fà ni kò bá wọn lọ. Láti orígínì ló ti fà á, ìyẹn igun tí òdo ìsàlẹ̀ àti òdo ẹ̀gbẹ́ ti pàdé. Ìlà náà gba abẹ́ àmì méjì àkọ́kọ́ kọjá, ó fẹnu kan méjì tó wà láàárín, ó wá gba orí méjì tó kẹ́yìn lọ. Mo bi í pé kí ló dé tí ìlà rẹ̀ àti àwọn àmì rẹ̀ ò fi bá ara wọn rìn. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn.

"Mà, ó gbọ́dọ̀ gba orígínì. Kò sí c nínú fọ́múlà."

Torí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì n'Ìbàdàn, mo sì wà lára àwọn tó máa ń jókòó sí yàrá àwọn tíṣà tí wọ́n á máa sọ pé ìṣirò ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ físíìsì. Ọmọ yìí mọ ìṣirò. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, wákàtí méjì kí wọ́n tó wọ láàbù, wọ́n pè é sídìí pátákó ní kíláàsì máàsì. Wọ́n fún un ní àmì méjì, (2, 11) àti (5, 23), wọ́n ní kó wá ìlà tó gba orí méjèèjì kọjá. Ó rí m = 4, ìyẹn slope, bí ìlà ṣe ń gòkè tó; ó rí c = 3, ìyẹn ibi tí ìlà ti kan ẹ̀gbẹ́ y; ó kọ y = 4x + 3, ó padà lọ jókòó. Mo rí i nínú ìwé rẹ̀, máàkì pupa sì wà níwájú rẹ̀. Ọmọ tó mọ c láago mẹ́sàn-án ni kò gbà pé c lè wà láago mọ́kànlá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní láàbù

Kíláàsì SS2 ni, táàmù kejì, iṣẹ́ pendulum. Ẹni tó bá ti ṣe físíìsì ní WAEC rí kò ní gbàgbé rẹ̀: okùn tí a gbé kọ́ sórí retort stand, tí a so nǹkan wúwo mọ́ nídìí, tí a rọra fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí a wá jọ̀wọ́ rẹ̀ kó máa fì. A ó wọn gígùn okùn, ìyẹn L. A ó ka ogún àlọ-àtàbọ̀, a ó wo iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà, a ó pín in sí 20 láti rí T. A ó mú okùn gùn sí i tàbí ká dín in kù, a ó tún un ṣe. Fọ́múlà rẹ̀ ni T = 2π√(L/g). Tí a bá sọ apá méjèèjì di squared, ó di T² = (4π²/g)L. Nítorí náà, tí a bá ya T² lórí L, ìlà tó tọ́ gbọọrọ ló máa jáde, a ó sì fi slope rẹ̀ wá g, ìyẹn bí eré ohun tó ń já bọ́ ṣe ń pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Bob, bọ́ọ̀lù irin kékeré tó yẹ ká so mọ́ okùn, ti sọnù tán lọ́dọ̀ wa. Méjì péré ló kù, ẹgbẹ́ mẹ́rin sì ni kíláàsì pín sí. Mo fún ẹgbẹ́ méjì ní bob. Mo fún ẹgbẹ́ méjì tó kù ní àgádágodo, irú èyí tí a fi ń ti àpótí, torí pé ó wúwo tó, ó sì ṣeé so. Mo ní kí gbogbo wọn wọn okùn láti òkè dé ibi kókó tí wọ́n ta. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Àárín ohun tó ń fì ló yẹ kéèyàn wọ̀n dé, kì í ṣe kókó. Lára bob kékeré, ìyàtọ̀ náà ò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ojú ò sì tètè ń rí i lórí gíráàfù. Lára àgádágodo, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọbìnrin tó ní kò sí c yẹn wà nínú ẹgbẹ́ kan tó lo àgádágodo. Ohun tí wọ́n rí nìyí:

L = 0.30 m, ogún àlọ-àtàbọ̀ 23.5 s, T² = 1.38 s²
L = 0.40 m, 26.6 s, T² = 1.77 s²
L = 0.50 m, 29.4 s, T² = 2.16 s²
L = 0.60 m, 32.2 s, T² = 2.59 s²
L = 0.70 m, 34.5 s, T² = 2.98 s²
L = 0.80 m, 36.7 s, T² = 3.37 s²

Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ọwọ́ wọn balẹ̀, wọn ò kánjú lórí stopwatch. Bí okùn bá ti fi 0.10 m gùn sí i, T² á fi nǹkan bí 0.40 pọ̀ sí i, láìyẹ̀. Ìlà tí àmì wọ̀nyẹn ń béèrè fún, slope rẹ̀ tó 4.0, g á sì jẹ́ 9.87. Ìlà tí wọ́n fi tipá mú wá sí orígínì, slope rẹ̀ jẹ́ 4.3, g wá di 9.18. Wọ́n kọ 9.18 sílẹ̀, wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ló fà á tí kò fi pé 9.8. Fèrèsé láàbù wà ní pípadé.

Ẹgbẹ́ kejì tó lo àgádágodo ṣe èyí tó dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọkùnrin tó ń kọ nọ́ńbà fún wọn yọjú wo gíráàfù àwọn tó lo bob, ó rí i pé tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orígínì géérégé, ó padà wá sídìí tábìlì, ó pa 23.5 tirẹ̀ rẹ́, ó kọ 22.5. Kò fi rọ́bà pa á rẹ́ tán, mo ṣì ń rí 3 náà lábẹ́ 2. Kì í ṣe ọmọ tó máa ń purọ́. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé fọ́múlà ò lè ṣàṣìṣe, nítorí náà ojú rẹ̀ ló ṣàṣìṣe.

Ibo ni wọ́n ti rí i pé ó gbọ́dọ̀ gba orígínì? Mo ṣí ìwé nóòtì wọn wò. Ọ̀rọ̀ mi ni, tí mo kọ sórí pátákó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n dà kọ tí wọ́n sì fi bírò pupa fa ìlà sí nídìí: gíráàfù T² lórí L gbọ́dọ̀ gba orígínì kọjá. Mo kọ ọ́ kí wọ́n má bàa sọ máàkì nù nínú ìdánwò ni. Mo ti gba c lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó débẹ̀.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́, tí kò ṣiṣẹ́

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sídìí pátákó, mo sì ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà. Mo ní gígùn tòótọ́ kì í ṣe L, pé L + h ni. Mo fi L + h sínú fọ́múlà, mo tú àkámọ́: T² = (4π²/g)L + (4π²/g)h. Mo ní ẹ wò ó, y nìyí, m nìyí, x nìyí, c nìyí. Wọ́n dà á kọ. Ojú wọn dúró sí pátákó, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Mo béèrè pé, "Kí ni h?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọmọkùnrin kan ní iwájú ní, "Constant ni, mà."

Bẹ́ẹ̀ ni, constant ni. Mo béèrè pé constant kí ni. Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀ bí ẹni pé mi ò gbọ́: "Constant ni, mà. Kì í yí padà."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ní kíláàsì máàsì, tí ọmọ bá ti ní constant ni, ó ti parí, wọ́n á fún un ní máàkì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ìṣirò, ohun tí lẹ́tà ń ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní ilé, kò ní ìdílé. Tí o bá pè é ní c tàbí b tàbí k, kò sí ohun tó yí padà. Nínú físíìsì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún nǹkan kan tó wà níbì kan, tó ṣeé fọwọ́ kàn tàbí tó ṣeé wọ̀n. Àwọn ọmọ wa ń ti ìhà kan bọ́ sí ìkejì lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́, agogo ló ń lé wọn, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé èdè ti yí padà.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ṣèwádìí nípa kíkọ́ni ní físíìsì l'Amẹ́ríkà máa ń fi dán èèyàn wò. Bí ìgbóná pákó kan ní ojú (x, y) bá jẹ́ T(x, y) = k(x² + y²), kí ni T(r, θ)? Ọ̀pọ̀ onífísíìsì á ní kr², torí pé r ni bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí àárín pákó, θ sì ni igun tó wà sí, ìgbóná ibẹ̀ ò sì yí padà nítorí pé a pààrọ̀ bí a ṣe ń pè é. Ọ̀pọ̀ oníṣirò á ní k(r² + θ²), torí pé ohun tí wọ́n ní ká ṣe fún lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ìkejì nìyẹn. Ìhà méjèèjì mọ iṣẹ́ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó wà láàárín wọn ni mo ń ṣàánú.

Tépù ìyá rẹ̀

Lọ́jọ́ kẹta mi ò fọwọ́ kan pátákó. Mo gbé àgádágodo náà sọ́wọ́, okùn rẹ̀ wà lára rẹ̀ síbẹ̀, mo ní kí ọmọbìnrin náà wá fi ìka hàn mí ibi tí L tirẹ̀ parí sí. Ó fọwọ́ kan kókó okùn, lórí irin tó tẹ̀ kọ́rọ́ ní ọrùn àgádágodo. Mo ní, "Ibo ni ìwúwo rẹ̀ wà?" Ó fọwọ́ kan ara àgádágodo nísàlẹ̀. Ìka rẹ̀ kan dúró lókè, ìkejì nísàlẹ̀, àlàfo sì wà láàárín wọn. Ó wo àlàfo yẹn fún ìgbà díẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ó ní, "Mà, ó dà bíi tépù màámi."

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Tépù tí wọ́n fi ń wọn èèyàn ti já ní orí, íńṣì méjì àkọ́kọ́ ti lọ, wọn ò sì tíì ra òmíràn. Láti orí 2 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí tépù bá pe àyà oníbàárà ní 38, ìyá rẹ̀ á ní, "Kọ 36." Ọmọ náà ló máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn lẹ́yìn ilé-ìwé. Ó ní ìgbà kan wà tí òun gbàgbé, tí òun kọ ohun tí ojú òun rí, tí wọ́n sì gé bùbá oníbàárà tó fẹ̀ jù. Gbogbo ibi tí wọ́n wọ̀n lára obìnrin náà ló fi íńṣì méjì lé: àyà, ìbàdí, apá. Ibi tó kéré àti ibi tó tóbi, iye kan náà ni.

"Iye kan náà," ni mo tún sọ tẹ̀lé e.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n ti màámi máa ń lé. Tiwa yìí, ó ń dín."

Mi ò rí ẹni tó ṣàlàyé àṣìṣe tí kì í yí padà dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti jókòó níwájú àwọn olùkọ́ àgbà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe pé ó rántí àfiwé tó dùn mọ́ni. Ó ti mọ c tipẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n lọ́nà tó ń ná wọn lówó. Ibi tó ti mọ̀ ọ́n, ibi tó ti ń fi í ṣe iṣẹ́ máàsì, àti ibi tó ti nílò rẹ̀ ní láàbù ni kò tíì pàdé.

Mo bi gbogbo kíláàsì pé mélòó ni tiwa fi dín. Ọmọ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, tó máa ń jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan sẹ́yìn pẹ̀lú ìka. Kò fa ìlà kankan. Ó ní tí 0.10 m kọ̀ọ̀kan bá ń fi 0.40 kún T², ká máa yọ ọ́ padà: ní 0.30 ó jẹ́ 1.38, ní 0.20 á jẹ́ 0.98, ní 0.10 á jẹ́ 0.58, tí okùn bá tán pátápátá, á ku 0.18. "Okùn ti tán, mà, àkókò ò tíì tán."

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní kò ṣeé ṣe, pé tí kò bá sí okùn, kí ló ń fì? Mo bọ́ okùn lára àgádágodo, mo fi ọrùn rẹ̀ kọ́ ìṣó tó wà lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti í díẹ̀. Ó fì. Ó yára gan-an, tí tíì, tí tíì, ṣùgbọ́n ó fì. Okùn jẹ́ òdo, T kò jẹ́ òdo. Wọ́n dìde kúrò lórí àga láti wá wò ó, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, olúkúlùkù fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ti àgádágodo náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló bá a lọ, mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọbìnrin náà mú gíráàfù tuntun, ó ya àwọn àmì rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìlà gba ibi tí àmì ní kó gbà. Ó kan ẹ̀gbẹ́ T² ní 0.17. Ó fẹ́ fà á lọ sí òsì kó lè mọ ibi tó ti máa kan ẹ̀gbẹ́ L, ṣùgbọ́n pépà ti tán. Láti òdo la máa ń kọ́ wọn láti bẹ̀rẹ̀ gíráàfù, kò sí àyè kankan lápá òsì. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ewé míì mọ́ ọn. Ìlà náà kan ẹ̀gbẹ́ L ní nǹkan bí −0.04.

Ọmọkùnrin tó pa nọ́ńbà rẹ́ lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ tako ó. Ó ní gígùn ò lè jẹ́ òdì, pé kò sí okùn tó gùn ní òdì 4 sẹ̀ǹtímítà lọ́jà. Inú mi dùn sí àtakò yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, torí pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan nínú wọn á gbé nọ́ńbà inú gíráàfù síwájú ohun tó wà láyé tí á sì béèrè pé ṣé wọ́n bára mu. Ní kíláàsì máàsì, −0.04 kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọmọbìnrin náà ló dá a lóhùn, kì í ṣe èmi. Ó ní kì í ṣe okùn ló jẹ́ òdì, pé rúlà wa ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibi tí kò yẹ. Ká tó lè mú kí T di òdo, a ó kọ́kọ́ gé gbogbo okùn, a ó tún wá gé 4 sẹ̀ǹtímítà míì lára àgádágodo fúnra rẹ̀.

Wọ́n gbé àgádágodo lé etí rúlà, wọ́n ń sún un síwá sẹ́yìn títí ó fi dúró láìṣubú. Wọ́n wọn ibẹ̀ dé ibi tí kókó máa ń wà. Ó jẹ́ 4 sẹ̀ǹtímítà ó lé díẹ̀. Lórí pépà, 0.17 tí a pín sí 4.0 fún wọn ní 0.0425 m. Mo rí ojú wọn nígbà tí nọ́ńbà méjèèjì pàdé. Gíráàfù ti sọ ibi tí àárín àgádágodo wà fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó gbé rúlà sí i.

Ẹnì kan béèrè pé, g wá ńkọ́? 9.87 kì í ṣe 9.8, kì í sì í ṣe 10 tí wọ́n ń lò ní ìgbà míì. Mo sọ fún wọn pé níbi tí a jókòó sí n'Ìbàdàn, ó súnmọ́ 9.78, ní Paris ó jẹ́ 9.81, àti pé okùn tó ń fì yìí náà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ní 1672, Jean Richer, ará Faransé, gbé aago pendulum láti Paris lọ sí Cayenne, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Ìlú náà wà ní nǹkan bí 5° sí àríwá ìlà yẹn, tiwa sì wà ní nǹkan bí 7°. Aago tó ń lọ déédéé ní Paris wá ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ sẹ́yìn lójúmọ́. Richer ní láti dín pendulum rẹ̀ kù díẹ̀ kí aago tó lọ déédéé. Kò pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Mo wo ibi tí ọmọkùnrin yẹn jókòó sí nígbà tí mo sọ èyí, mi ò sì dárúkọ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó kù láàárín 9.87 tiwa àti 9.78, àtàǹpàkò tó pẹ́ díẹ̀ lórí stopwatch tó láti fà á.

Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wọn ní máàsì

Mo lọ bá wọn ní yàrá àwọn tíṣà, mo kí wọn, mo sì gbé gíráàfù tí a lẹ pọ̀ náà síwájú wọn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Inú wọn dùn sí ọmọ náà. Àmọ́ nígbà tí mo ní bóyá a lè jọ máa kọ́ apá yìí, wọ́n mi orí.

"Ṣé kí n wá máa fi àgádágodo kọ́ y = mx + c ni? Ohun tó mú kí ìṣirò wúlò ni pé kò so mọ́ nǹkan kan. y = mx + c kan náà ló wà fún owó ọkọ̀, fún aṣọ, fún pendulum tiyín. Tí mo bá so ó mọ́ ọ̀kan, ẹ ó tún wá bá mi pé wọn ò dá a mọ̀ lára ìkejì."

Òótọ́ wà níbẹ̀, mo sì gbà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní kí ẹ so ó mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá ti tú u sílẹ̀ tán, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan péré pé, tó bá jẹ́ owó ọkọ̀ ni, kí ni c?" Wọ́n rò ó. Wọ́n ní àwọn máa mú gíráàfù kan láti láàbù mi lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan, ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn kíláàsì. Wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà náà, kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀.

Ní tèmi, ohun méjì ni mo yí padà. Mi ò kọ́ wọn ní fọ́múlà láìkọ y = mx + c sórí rẹ̀ mọ́, kí wọ́n fa ọfà láti lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí c bá jẹ́ òdo, kí wọ́n kọ òdo sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìdí tó fi jẹ́ òdo. Ìkejì ni pé n kò gba slope tí kò ní unit. Ọmọ tó bá kọ 4.0 lásán, mo máa dá a padà. Tó bá kọ 4.0 s²/m, tó wá fi í pín 4π², á rí i fúnra rẹ̀ pé m/s² ló jáde, pé ohun tó ń wá gan-an nìyẹn, láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Mo pa gbólóhùn tó wà nínú nóòtì wọn rẹ́, mo sì ní kí wọ́n pa á rẹ́ níwájú mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà

Mo fún wọn ní iṣẹ́ spring láìsọ nǹkan kan ṣáájú. Kàkà kí wọ́n wọn bí spring ṣe fà sí, bí a ṣe máa ń ṣe é, mo ní kí wọ́n wọn gbogbo gígùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ẹrù kún un, kí wọ́n ya gígùn lórí ẹrù, kí wọ́n sì sọ ohun tí slope jẹ́ àti ohun tí c jẹ́.

Ọmọbìnrin aránṣọ fi àyè sílẹ̀ lápá òsì gíráàfù rẹ̀ kó tó ya àmì kankan. Ó kọ ọ́ pé c ni gígùn spring nígbà tí kò gbé nǹkan kan. Ọmọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ nǹkan tó jọ ọ́. Àwọn kan ṣì fi tipá fa ìlà wọn wá sí orígínì, bí ẹni pé a ò tíì sọ̀rọ̀ rí. Mo ti ṣètò láti tún bá wọn jókòó.

Ọmọkùnrin tó pa 23.5 rẹ́ kò pa nǹkan kan rẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìlà rẹ̀ gba àárín àmì rẹ̀ géérégé, ó sì kan ẹ̀gbẹ́ ní 12 sẹ̀ǹtímítà. Níbi tí mo ti béèrè pé kí ni c, ó kọ: constant. Mi ò fún un ní máàkì, mi ò sì fagi lé e. Mo pè é sídìí retort stand lẹ́yìn tí agogo ti lù, mo ní kó yọ gbogbo ẹrù kúrò lára spring, kó sì sọ ohun tó rí fún mi. Ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Spring náà rọ̀ síbẹ̀ láìgbé nǹkan kan, ó mì díẹ̀, ó dúró. Ó tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó mú rúlà, láìjẹ́ pé mo ní kó mú un, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ó ṣì gùn, mà."